Oníṣòwò tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀, kó tẹ́tí sí ohun tí oníbàárà ń bi í

Àwọn àgbà ló sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì yẹ̀ títí dòní. Ohun tó yí padà ni pé ìpolówó ti dín lówó. Láyé ọjọ́un, oníṣòwò tó bá fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ nípa ọjà rẹ̀ ní láti sanwó fún ilé iṣẹ́ rédíò, tàbí kó tẹ ìwé pélébé, tàbí kó gba ọmọ tí yóò máa gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri àdúgbò. Lónìí, ẹni tó ń ta bàtà ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta àti ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì l'Óṣogbo, fóònù ni gbogbo wọn fi ń polówó. Wọ́n á ya fọ́tò ọjà, wọ́n á gbé e sórí WhatsApp àti Facebook, ìnáwó ibẹ̀ kò sì ju owó dátà lọ.

Ibi tí wàhálà wà nìyí o. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ lẹ́nu oníṣòwò. Á sọ pé òun ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, á sọ ibi tó wà, á gbé fọ́tò gbogbo ohun tó ń tà síta. Lọ́sẹ̀ kejì, á tún gbé àwọn fọ́tò kan náà. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rọ̀ ti tán. Ohun tó kù kò ju "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa pàtàkì," àdúrà oṣù tuntun, àti "Ọjà tuntun ti dé" tó ń dé lójoojúmọ́. Àdúrà kò burú, kò sẹ́ni tí kì í ṣe àmín. Àmọ́ oníbàárà tó bá ti gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà 15 láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo kò ní í pẹ́ tí kò fi ní í ṣí i wò mọ́. Ọjọ́ tí ọlọ́jà bá wá ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ, kò sí ẹni tó ń gbọ́ mọ́.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò gbà pé àìmọ̀wé ló fà á, tàbí pé àwọn kò ní làákàyè àwọn tó ń kọ̀wé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dúró nídìí ọjà láti aago 8 àárọ̀ di aago 7 alẹ́, tó ń dá èèyàn 40 lóhùn láìwo ìwé kankan, kò lè sọ pé òun kò ní ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń ṣòfò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìbéèrè tí oníbàárà bi í láàárọ̀, tó dáhùn dáadáa, tí oníbàárà sì torí ìdáhùn yẹn yọ owó sílẹ̀, òun gan-an ló yẹ kó kọ sílẹ̀ lálẹ́ fún àwọn tí kò sí nílé ìtajà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò kà á sí. Lójú tirẹ̀, nǹkan tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Marcus Sheridan jẹ́ kí èyí yé èèyàn dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń ṣe jìnnà sí ti ọ̀pọ̀ ọlọ́jà níbí. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló jọ ni River Pools and Spas, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Virginia tó ń bá àwọn onílé ṣe adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sẹ́yìnkùlé, irú èyí tó máa ń wà láwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Ọdún 2001 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣe ọjà tí èèyàn kò lè ṣe aláìrà. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ṣẹ́kù, tàbí tí báńkì bá yá lówó, ló ń ṣe é. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wá dojú dé lọ́dún 2008, tí iye ilé já wálẹ̀, tí báńkì kò sì fẹ́ yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́, àwọn oníbàárà tó ti ṣèlérí bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, àkáǹtì ilé iṣẹ́ náà ti wọ gbèsè. Àwọn agbaninímọ̀ràn sọ fún wọn pé kí wọ́n gba kóòtù lọ, kí wọ́n kéde pé àwọn ti wọko gbèsè, kí wọ́n sì tilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá tilẹ̀kùn, ilé tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ lè bá a lọ, àwọn òṣìṣẹ́ náà á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Owó ìpolówó ti tán. Ohun tí Sheridan wá ṣe kò gba owó. Lálẹ́, tí iṣẹ́ bá parí, á jókòó sídìí tábìlì nílé ìdáná rẹ̀, á rántí àwọn ìbéèrè tí oníbàárà ti ń bi í láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á sì máa dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sójú ìwé ilé iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Bí oníbàárà ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́ ló fi ń ṣe àkọlé, kò dárà kankan sí i.

Èyí tó mówó wá jù nínú wọn ni ìbéèrè tó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo oníbàárà: èló ni? Ó yani lẹ́nu pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ náà kì í dáhùn rẹ̀ níta gbangba nígbà yẹn. Wọ́n á ní iye ilé kan yàtọ̀ sí ti èkejì, wọ́n á ní àwọn tí àwọn jọ ń dupò máa rí i, wọ́n á ní owó náà máa lé oníbàárà sá. Sheridan kò dá iye kan ṣoṣo lé e. Ó ṣàlàyé ohun tó ń gbé owó lọ sókè àti ohun tó ń fà á wálẹ̀: bí adágún ṣe tóbi tó, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, irú ohun tí onílé fẹ́ kí wọ́n tẹ́ yí i ká. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ibi tí owó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa ń dé. Kò pẹ́ tí ẹni tó bá ń wá iye tí wọ́n ń ṣe adágún lórí Google fi ń balẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn New York Times máa fi ròyìn rẹ̀ lọ́dún 2013, ọjà tó tipasẹ̀ ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn wọlé ti ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ.

Ó tún ṣe ohun tó ya àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Adágún oníke líle tí wọ́n ń pè ní fiberglass ló ń tà. Oríṣi méjì mìíràn wà tí òun kì í tà, èyí tí wọ́n fi kọnkéré ṣe àti èyí tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ inú rẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa bi í pé, "Kí ni àléébù tìrẹ gan-an?" Ó jókòó, ó sì kọ àléébù ọjà ara rẹ̀ síta, ó sọ irú ilé tí kò bá mu àti irú oníbàárà tó dára kó lọ ra ti ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn a máa béèrè pé, yàtọ̀ sí tiyín, ta ló tún ń ṣe é dáadáa ní Richmond? Ó kọ orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń dupò, ó sọ ohun tó dára nípa wọn, kò sì fi orúkọ tirẹ̀ sínú wọn. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń wádìí àwọn ilé iṣẹ́ yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé Sheridan ló ń kà, ẹni tó sì kà á máa ń rò ó pé ọkùnrin tó lè sọ òótọ́ báyìí kò ní í rẹ́ òun jẹ.

Ilé iṣẹ́ náà kò kú. Ó dàgbà débi pé àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe adágún fiberglass jáde. Sheridan kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ́dún 2017, *They Ask, You Answer*. Ó ní nígbà tí àwọn yẹ ìwé wò, àwọn rí i pé oníbàárà tó bá ti ka ojú ewé 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdáhùn àwọn kí àwọn tó lọ bá a nílé, nínú irú wọn 10, 8 ló ń rajà. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí ì bá gba wákàtí méjì ní pálọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ti parí kí ọlọ́jà tó kan ilẹ̀kùn.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun rárá. Lọ́dún 1895 ni John Deere tó ń ṣe ohun èlò oko l'Amẹ́ríkà ti ń tẹ ìwé ìròyìn *The Furrow* jáde fún àwọn àgbẹ̀, tó ń kọ́ wọn bí iṣẹ́ oko ṣe lè sàn wọ́n. Ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1900, àwọn Michelin tó ń ta táyà rí i pé ọkọ̀ kò pọ̀ nílùú, táyà kò sì lè gbó tí ọkọ̀ kò bá jáde. Wọ́n tẹ ìwé kékeré kan tó ń sọ ibi tí awakọ̀ ti lè rí epo, mẹkáníìkì àti ibùsùn, àti bí èèyàn ṣe lè pààrọ̀ táyà fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in títí di ọdún 1920. Kí ni awakọ̀ ń béèrè lójú ọ̀nà? Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé nìyẹn.

Ó dára kí oníṣòwò tiwa má kàn gbé ọ̀nà ará Virginia lódindi. Níbẹ̀, Google ni oníbàárà ń kọ́kọ́ bi léèrè. Níbí, ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló ń kọ́kọ́ bi, lẹ́yìn náà á wá kọ̀wé sórí WhatsApp, tàbí kó kúkú wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, ìdáhùn náà lè jẹ́ ìlà mẹ́rin lábẹ́ fọ́tò, ó lè jẹ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó sì lè jẹ́ páálí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí tí wọ́n gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìbéèrè oníbàárà ni kò yàtọ̀ láti Virginia dé Ìtòkú.

Àpẹẹrẹ kan ni àwọn tó ń ta ínfátà àti bátìrì sólà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí epo jẹnẹrétọ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ti pọ̀ ní gbogbo àdúgbò. Ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu gbogbo oníbàárà wọn: "Wákàtí mélòó ló máa gbé?" Èsì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fún èèyàn ni, "Ó máa gbé e dáadáa, ẹ fọkàn balẹ̀." Oníbàárà á sanwó, wọ́n á bá a gbé e kalẹ̀, ìyàwó ilé á ki áyọ́ọ̀nù bọ iná láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Ìjà dé nìyẹn, ìpolówó tí oníbàárà yóò sì ṣe fún ọlọ́jà náà láàárín àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, owó rédíò kò lè pa á rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ìṣirò ibẹ̀ kò le. Bátìrì tí wọ́n kọ 12V àti 200Ah sí lára, èèyàn á sọ 12 di ọ̀nà 200, ó di 2,400. Bátìrì olómi kò fẹ́ kí wọ́n lò ó kọjá ìlàjì kó tó tún gba iná, bí èèyàn bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́. Ó ku 1,200. Ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó ku 1,000. Fáànù kan tó ń jẹ wáàtì 70, tẹlifíṣàn tó ń jẹ 80, gílóòbù 5 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 10, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200. Èèyàn á wá pín 1,000 sí ọ̀nà 200, ó jẹ́ wákàtí 5. Áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ wáàtì 1,000 nìkan á fi wákàtí kan gbá gbogbo rẹ̀ mì. Ọlọ́jà tó bá kọ ìṣirò yìí sórí bébà, tó ya fọ́tò rẹ̀, tó gbé e síta, ti rí ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan sọ. Lọ́jọ́ kejì, á sọ ti fíríìjì. Lọ́jọ́ kẹta, á sọ ìyàtọ̀ bátìrì olómi àti lítíọ́ọ̀mù, ìdí tí ọ̀kan fi wọ́n ju èkejì lọ, àti ilé tí kò tíì nílò èyí tó wọ́n. Lọ́jọ́ kẹrin, oníbàárà kan á béèrè ohun tí kò rò tì: bí òjò bá ń rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Ọ̀rọ̀ mìíràn tún dé.

Ti owó ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ilẹ̀ wa ti ń kùnà jù. Wọ́n á gbé fọ́tò aṣọ tó rẹwà síta, wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ wá bá àwọn ní kọ̀rọ̀. Oníbàárà mélòó ló ń wá? Ọ̀pọ̀ á rò ó pé bí wọ́n bá ti rí ojú òun ni wọ́n máa dá iye lé e, wọ́n á sì kọjá lọ. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018, sọ lábala 115 pé ẹni tó bá gbé ọjà kalẹ̀ fún títà ní láti jẹ́ kí oníbàárà rí iye rẹ̀. Àwíjàre ọlọ́jà ni pé ohun gbogbo ń wọ́n sí i, iye tí òun sọ lọ́jọ́ Ajé lè má bá ti ọjọ́ Ẹtì mu. Òótọ́ ni, ẹni tó bá ra ọjà lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 2023 mọ̀ bó ṣe rí. Ọ̀nà àbáyọ ibẹ̀ ni ti Sheridan: kí ọlọ́jà sọ ohun tó ń gbé owó sókè. Télọ̀ lè sọ pé agbádá tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sí láyà gbà á ní ọjọ́ tó pọ̀ ju èyí tí kò níṣẹ́ lára lọ, pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́, pé ẹni tó bá kó aṣọ wá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìnáwó máa san owó kánjúkánjú. Ẹni tó bá ti ka èyí kò ní í fi iye ṣọ́ọ̀bù yìí wé ti ìsọ̀ kejì láìwo iṣẹ́ tó wà lára aṣọ.

Irú rẹ̀ ló ń dun àwọn aláàdìrẹ. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní àwòrán àdìrẹ ń wọlé láti òkè òkun, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe. Oníbàárà á dúró níwájú ìsọ̀, á béèrè pé, "Kí ló dé tí tiyín fi wọ́n tó báyìí?" Ọlọ́jà tó bá bínú dáhùn ti pàdánù ọjà kan àti ọ̀rọ̀ kan. Ìdáhùn ibẹ̀, fọ́tò méjì ló máa gbà. Kó yí aṣọ méjèèjì sẹ́yìn, kó yà wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n rẹ sínú aró, aró á ti mu dé ẹ̀yìn rẹ̀; èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣì ju iwájú lọ. Kó tún ya ibi tí ọnà kan náà ti fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta lára aṣọ tirẹ̀: ọwọ́ èèyàn kò lè ya wọ́n kí wọ́n dọ́gba délẹ̀, ẹ̀rọ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá sọ bí wọ́n ṣe ń fi ìko di oníko, bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára ẹlẹ́kọ, bí àwọn mìíràn ṣe ń fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe é lóde òní. Ojúmọ́ kan, àlàyé kan.

Kó má sì sá fún àléébù. Àdìrẹ á máa yọ aró nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ọlọ́jà tó bá ti sọ ọ́ ṣáájú, tó ní kí wọ́n dá a fọ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì sá a síbi tí òòrùn kò ti ní í pa á, kò ní í gba ìpè obìnrin tí aṣọ funfun ọkọ rẹ̀ ti di aláwọ̀ búlúù. Àwọn tó ń gbá búlọ́ọ̀kù mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dáadáa. "Àpò sìmẹ́ǹtì kan, búlọ́ọ̀kù mélòó lẹ ń rí níbẹ̀?" Ìbéèrè tí wọ́n kórìíra jù lọ nìyẹn. Ẹni tó bá lè dáhùn rẹ̀ níta gbangba, tó tún sọ iye ọjọ́ tó fi ń bomi rin búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ti sọ ìdí tí owó tirẹ̀ fi ga, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Báwo wá ni ọlọ́jà ṣe máa kó àwọn ìbéèrè yìí jọ? Ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìdí tábìlì ti tó. Bí oníbàárà bá ṣe sọ ọ́ ni kí wọ́n kọ ọ́. Bó bá ní "Ṣé kò ní í ṣì?", kí wọ́n má sọ ọ́ di èdè ńlá, nítorí bí ẹni yẹn ṣe sọ ọ́ ni ẹgbẹ̀rún ẹlòmíràn ṣe máa sọ ọ́. Ìbéèrè méjì péré lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, á ti lé ní 600 láàárín ọdún kan. Púpọ̀ nínú wọn á jẹ́ àtúnbéèrè, èyí tó bá sì ń padà wá ni kí wọ́n máa fi àmì sí, nítorí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ dáhùn. Ọmọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́. Ohun tí oníbàárà kò lè bi ọ̀gá, ó máa ń bi ọmọ iṣẹ́.

Oríṣi ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kọ sílẹ̀, òun ló sì níye lórí jù: ti ẹni tó béèrè, tó dúró díẹ̀, tó wá ní "Mò ń bọ̀," tí kò padà wá. Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn kó tó lọ ni kí wọ́n kọ. Ìdáhùn tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ló gbé e lọ, àwọn mìíràn tó ní irú ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn kò tilẹ̀ wọlé rárá.

Ìgbà àti àkókò náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó wọlé ẹ̀kọ́ lóṣù kẹsàn-án, àwọn òbí á máa béèrè aṣọ ilé ìwé tí kò ní í fún ọmọ kí ọdún tó pé. Bí Iléyá bá ń bọ̀, tó ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti ọdún tó kọjá, aláta á máa gbọ́ pé èló ni tàtàṣé apẹ̀rẹ̀ kan. Lóṣù kejìlá, àwọn ọmọ wa láti London àti Houston á máa béèrè ìgbà tí aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn lè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ti sọ ọ́ láti oṣù kẹsàn-án pé ọjọ́ báyìí ni òun máa gba iṣẹ́ oṣù kejìlá kẹ́yìn kò ní í máa sá fún ìpè lóru ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ní báyìí, àwọn kan ti ń ní kí ẹ̀rọ bíi ChatGPT bá àwọn kọ ohun tí àwọn máa gbé síta. Ó lè tún gbólóhùn ṣe, ó sì yára. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ìyá tó wọ ìsọ̀ láàárọ̀ àná bi ọlọ́jà. Bí wọn kò bá fún un ní ìbéèrè gidi, ọ̀rọ̀ tó bá aláṣọ Abẹ́òkúta kọ kò ní í yàtọ̀ sí èyí tó bá alátàpà bàtà kọ ní ìlú mìíràn, oníbàárà a sì máa tètè gbọ́ òórùn rẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tó yẹ kí wọ́n ti kíyè sára. Ẹni tó ń ta àgbo, ìpara, oògùn tàbí oúnjẹ inú ọ̀rá wà lábẹ́ NAFDAC. Ọjà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀, àjọ náà sì ní láti fọwọ́ sí ìpolówó rẹ̀ kó tó jáde. Bí oníbàárà bá béèrè pé "Ṣé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà?", ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè tí wọ́n ń fi ìdùnnú dáhùn lórí WhatsApp. Bákan náà ni ti ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á gbé e síta pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà onítọ̀hún. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Ìbéèrè náà ni kí wọ́n mú, kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó béèrè sílẹ̀, àfi tó bá yọ̀ǹda.

Ẹ̀rù tó sábà máa ń ba àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni pé àwọn á tú àṣírí iṣẹ́ fún ayé. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì kò nílò láti sọ ìwọ̀n ìyẹ̀fun àti ṣúgà tó ń pò pọ̀. Ohun tí oníbàárà rẹ̀ fẹ́ mọ̀ ni ọjọ́ mélòó tó máa gbé kó tó bu, bí wọ́n ṣe lè tọ́jú rẹ̀ níbi tí kò ti sí iná, àti ìdí tí ti àárọ̀ fi rọ̀ ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ. Kò sí àṣírí kankan nínú ìwọ̀nyẹn.

Ìdáhùn tí wọ́n bá ti kọ kò gbọ́dọ̀ ṣègbé lẹ́yìn wákàtí 24 tí Status WhatsApp máa ń lò. WhatsApp Business, tí kò gba owó, ní àyè tí wọ́n lè kó ìdáhùn sí, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹlòmíràn bá béèrè ohun kan náà. Ẹ̀dà rẹ̀ tún yẹ kó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn, nítorí ọmọ iṣẹ́ tuntun tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta kà á ti mọ ohun tí ẹni ìṣáájú fi oṣù mẹ́fà mọ̀. Èyí tí iye owó bá wà nínú rẹ̀ ni kí wọ́n kọ ọjọ́ sí lára, kí ẹni tó bá rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mọ̀ pé iye ìgbà yẹn ni, kó tún béèrè.